Áàpù ìṣúná owó: èwo ló bá àpò yín mu? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lórí áàpù tí a fi ń ṣètò owó ló wà níbí. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó gbé iṣẹ́ ìpolówó fún mi. Lójú tèmi, ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé sí yín lọ́wọ́ àti ọ̀nà tó ń gbà jáde ló yẹ kó yan áàpù fún yín, kì í ṣe ariwo tí wọ́n ń pa nípa rẹ̀ lórí ayélujára. Ìdí nìyí tí ìdáhùn mi fún òṣìṣẹ́ olówó oṣù fi máa yàtọ̀ sí èyí tí mo máa fún aláta.

Kí ni áàpù ìṣúná ń ṣe gan-an?

Ó ń bá yín kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, ó ń tò ó sí ìsọ̀rí, ó sì ń sọ èyí tó kù. Oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì tóbi. Oríṣi kìn-ín-ní máa ń wo ẹ̀yìn: ẹ ti náwó tán kó tó sọ fún yín pé epo mọ́tò tòṣù yìí ti ju ti oṣù tó kọjá lọ. Money Manager tí ilé-iṣẹ́ Realbyte ti Kòríà ṣe, àti Wallet ti BudgetBakers tó wá láti Prague, irú èyí ni wọ́n jẹ́ ní pàtàkì. Oríṣi kejì máa ń wo iwájú: kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ti pín owó náà síbi tó ń lọ. Ibẹ̀ ni YNAB àti Goodbudget wà.

Ẹni tí kò mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ, kó fi oríṣi kìn-ín-ní ṣọ́ ara rẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Ẹni tó mọ̀ dáadáa, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́, oríṣi kejì ni tirẹ̀.

Ṣé PiggyVest àti Cowrywise kì í ṣe áàpù ìṣúná ni?

Rárá o, ibi ìpamọ́ owó ni wọ́n. PiggyVest bẹ̀rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú orúkọ Piggybank.ng, lẹ́yìn tí ẹnì kan fi àwòrán kóló onípákó tó fọ́ hàn lórí Twitter ní ìparí 2015, kóló tó fi ń kó ₦1,000 pamọ́ lójúmọ́ fún odidi ọdún. Iṣẹ́ kóló yẹn náà ni áàpù yìí ń ṣe títí dòní: owó wọlé, ilẹ̀kùn tì, ó di ọjọ́ tí ẹ dá. Cowrywise tó dé ní 2017 fi ìdókòwò kún tirẹ̀. Àmọ́ ẹ lè ná ₦18,000 lórí dátà láàárín oṣù kan kí kóló má mọ̀ rárá. Ẹ lo ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú áàpù ìṣúná. Áàpù ìṣúná á sọ iye tó lè ṣẹ́kù, kóló á sì gbà á kúrò lọ́wọ́ yín kó tó di pé ẹ nawọ́ sí i.

Àwọn báńkì orí fóònù wà láàárín méjèèjì. Kuda máa ń to ìnáwó yín sí ìsọ̀rí, ẹ sì lè ní kó máa yọ díẹ̀ pamọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá náwó. Ó dára púpọ̀, àmọ́ owó tó gba inú Kuda kọjá nìkan ló mọ̀. Tí owó oṣù yín bá ń wọ báńkì míì, tí ẹ ń fi OPay sanwó lọ́jà, tí ẹ tún ní ₦20,000 lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀gbẹ́ kan péré ló rí nínú ọ̀rọ̀ yín.

Owó oṣù ni mo ń gbà. Èwo ni kí n lò?

Èyí tó ń pín owó sí àpòòwé. Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan n'Íbàdàn tí ₦150,000 ń wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ìparí oṣù. Lọ́jọ́ tí álẹ́ẹ̀tì bá dún, kó tó dé ọ̀dọ̀ oní-POS, kó ṣí Goodbudget, kó sì pín in báyìí: oúnjẹ ₦45,000, owó ọkọ̀ ₦25,000, owó ilé ₦20,000, ìyá nílé ₦15,000, owó ilé-ìwé ọmọ ₦12,000, iná àti gáàsì ₦10,000, àjọ ₦10,000, dátà àti káàdì ìpè ₦8,000, àìròtẹ́lẹ̀ ₦5,000. Ó pé ₦150,000 gẹ́lẹ́, kò sí náírà kan tó ń rìn gbéregbère.

Ẹ wo owó ilé yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni onílé ń wá gbà á. ₦240,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń kó jìnnìjìnnì bá èèyàn, bẹ́ẹ̀ ₦20,000 lóṣù ló jẹ́. Goodbudget ní àpòòwé ọlọ́dọọdún tí wọ́n ṣe nítorí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Owó ilé-ìwé náà ibẹ̀ ló yẹ kó wà, torí sáà-sáà ló ń dé.

Tó bá wá di ọjọ́ kejìlélógún oṣù, tí owó ọkọ̀ ti tán nítorí pé epo tún gbówó lórí, àpòòwé yẹn á pọ́n, olùkọ́ wa á sì ní láti yọ ₦4,000 nínú òmíràn fi dí i. Tó bá yọ ọ́ nínú ti dátà, ó mọ̀ pé òun lòun yọ ọ́. Kò ní máa ṣe kàyéfì ní ìparí oṣù pé ta ló jí owó òun kó.

Goodbudget ọ̀fẹ́ ń fún yín ní àpòòwé 20, ẹ sì lè lò ó lórí fóònù méjì. Ó tó ọ̀pọ̀ ilé. YNAB ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tiẹ̀ kàn jinlẹ̀ jù ni. Jesse Mecham ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004, òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni pé kí ẹ yan iṣẹ́ fún gbogbo owó tó bá wọlé. Ó tún máa ń sọ ọjọ́ orí owó yín, ìyẹn bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ yín láti ìgbà tó wọlé títí dìgbà tó jáde. Ẹni tó ń ná owó oṣù ní ọ̀sẹ̀ tó gbà á máa rí i pé owó òun kò dàgbà rárá. Mo fẹ́ràn áàpù yìí gan-an, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà kì í ṣe kékeré. A máa dé ibẹ̀.

Ọjà ni mo ń tà, owó ń wọlé lójoojúmọ́. Ṣé áàpù kan náà ni màá lò?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ áàpù ti ń ṣi ọlọ́jà lọ́nà. Gbogbo wọn ló gbà pé owó tó bá wọlé, owó iṣẹ́ ni. Ẹ wo obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì. Ó ra àpò kan ní ₦80,000, ó wọ̀n ọ́n tà ní kóńgò-kóńgò, ó pa ₦89,000 lórí rẹ̀. Tó bá kọ ₦89,000 sínú áàpù pé ó wọlé, áàpù á ní ó ní ₦89,000 láti ná. Irọ́ funfun ni. ₦80,000 nínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ti àpò ìrẹsì tó kàn ni. Ó ku ₦9,000. Ẹ yọ owó alábàárù, ọ̀rá, owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀ kúrò níbẹ̀, ó lè má ju ₦5,500 lọ. ₦5,500 yẹn ló tó kó dé inú ìṣúná ilé.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jẹ owó òwò láìmọ̀, tí wọ́n á ní ọjà ò lọ, bẹ́ẹ̀ ọjà ń lọ; ilé ló ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, áàpù tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ lè ya àkáǹtì sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé ó so mọ́ báńkì kankan. Money Manager lè ṣe é, Wallet náà lè ṣe é. Ẹ ṣí àkáǹtì méjì, ẹ pe ọ̀kan ní "Owó ọjà", ẹ pe èkejì ní "Owó ilé". Títà àti rírà, inú ti ọjà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Tí àpò kan bá ti tán, ẹ ṣírò èrè, kí ẹ wá gbé e láti àkáǹtì kìn-ín-ní lọ sí èkejì. Ẹ tẹ ẹ́ bí owó tó ṣí kúrò láti àpò kan sí òmíràn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí owó tuntun tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kejì ni pé owó ojoojúmọ́ kò ṣeé pín bí owó oṣù. Ẹ ò lè pín ohun tí kò tíì dé. Ẹ to àpòòwé yín ní ìtẹ̀léra: oúnjẹ lónìí, owó ọkọ̀ ọ̀la, àjọ, owó ilé-ìwé, owó ilé. Owó tó bá wọlé lónìí, ẹ fi kún ti òkè ná, kó tó ṣàn dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dára, omi á dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá lé yín wálé, ẹ mọ ohun tó lè dúró.

Ẹ kọ àjọ náà sílẹ̀. Tí ẹ bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún oṣù ọlọ́jọ́ 31, tí alájọ mú ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ₦30,000 lẹ máa gbà. ₦1,000 tó kù, owó iṣẹ́ alájọ ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọjà yín bá sì ti fẹ̀ dé ibi tí àwọn oníbàárà ti ń ra àwìn, tí ẹ ní ọjà tó wà nílẹ̀ láti kà, áàpù ìṣúná ò gbé e mọ́. Bumpa tàbí òmíràn tí wọ́n ṣe fún oníṣòwò ni kí ẹ wá.

Kí ló dé tí àwọn èyí tí wọ́n ń yìn ní Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wa?

Nítorí pé agbára wọn wà nínú bí wọ́n ṣe so mọ́ báńkì, báńkì tiwa kò sì sí nínú èyí tí wọ́n so mọ́. Monarch, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà tí Mint, áàpù ìṣúná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti kú, Amẹ́ríkà àti Kánádà ló wà fún. EveryDollar, ti ilé-iṣẹ́ Dave Ramsey, Amẹ́ríkà ni. YNAB lè fa àkọsílẹ̀ jáde láti báńkì ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù; Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹ lè lò ó nílé o, ó máa gba náírà, àmọ́ ọwọ́ yín lẹ máa fi tẹ gbogbo rẹ̀.

Owó ni ìṣòro kejì. YNAB ń gba $14.99 lóṣù tàbí $109 lọ́dún ní àkókò tí mo ń kọ èyí. Tí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ₦163,500 nìyẹn, ó ju owó oṣù olùkọ́ wa lọ. Láti ìgbà tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru gùdù ní oṣù kẹfà 2023, ẹni tó bá gba iṣẹ́ tí wọ́n ń fi dọ́là gbowó rẹ̀ kò mọ iye tí wọ́n máa yọ lóṣù tó ń bọ̀. Áàpù tí a fẹ́ fi kó owó níjàánu kò yẹ kó jẹ́ òun ni ìnáwó tí a kò lè ṣètò. Wọ́n ń fún èèyàn ní ọjọ́ 34 láti dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè fi àkókò yẹn kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, kí ẹ sì lọ fi ṣe Goodbudget. Inú mi ò bàjẹ́ sí i.

Ní ti àwọn ọ̀fẹ́: Money Manager ń fi ìpolówó hàn, ẹ fara dà á. Wallet ọ̀fẹ́ ní ààlà, àmọ́ ó tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kò sí èyí tó lè ka álẹ́ẹ̀tì báńkì fúnra rẹ̀?

Lórí Android, ó wà. Lórí iPhone, kò ṣeé ṣe, torí Apple kì í jẹ́ kí áàpù ka SMS. Àwọn tó ń kà á lórí Android náà kì í yé mi kúnná. Bí báńkì kan ṣe ń kọ álẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Tí ẹ bá gbé ₦30,000 láti àkáǹtì yín kan sí èkejì, ó lè kọ ọ́ pé ẹ ná ₦30,000, kó tún kọ ọ́ pé ₦30,000 wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti pa SMS nítorí owó rẹ̀, orí áàpù báńkì ni wọ́n ti ń wo álẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí báńkì fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún áàpù pẹ̀lú àṣẹ yín. CBN gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù kejì 2021, ó sì fi àlàyé bí a ṣe máa ṣe é tẹ̀lé e ní oṣù kẹta 2023. Mono wà lára àwọn tó ń so àkáǹtì pọ̀ mọ́ áàpù. Okra tó wà nídìí iṣẹ́ kan náà palẹ̀ mọ́ ní 2025. Ẹ má fi ètò owó yín dúró dè é.

Ká tiẹ̀ ní ó ti pé, mi ò rò pé màá gbà yín níyànjú láti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Owó ọwọ́ la fi ń ra tòmátò, òun la fi ń wọ kẹ̀kẹ́, òun la fi ń ra mọ́ínmọ́ín lójú ọ̀nà. Báńkì kò rí ìyẹn. Ohun tó máa rí ni pé ẹ gba ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS, ibẹ̀ ni ìtàn sì máa parí sí. Ìgbà tí ẹ bá ń fi ìka yín tẹ ₦1,800 fún ẹran sùyà, nǹkan kan ń wọ̀ yín lára tí kò lè wọ̀ yín lára nígbà tí áàpù bá ń tẹ̀ ẹ́ fún yín.

Ìsọ̀rí tí mo bá nínú áàpù kò jọ ti wa rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pa wọ́n rẹ́. Ajá àti ológbò, ilé sinimá, eré ìdárayá: ẹni tó kọ áàpù ló mọ ohun tó ń ná. Ẹ fi tiyín sí i: owó ọbẹ̀, omi, jẹnẹrétọ̀, ìdámẹ́wàá tàbí sàráà, ẹbí, aṣọ ẹbí.

Ẹ má da aṣọ ẹbí pọ̀ mọ́ aṣọ. Ẹni tó bá kọ ₦25,000 aṣọ nìkan sílẹ̀ á rí i pé òde yẹn gba ₦60,000 nígbà tí owó télọ̀, gèlè, bàtà, ọkọ̀ àti owó tí a ná olórin bá wọ̀ ọ́. (Òfin CBN ti 2007 lòdì sí níná owó lóde, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí òde ṣe ń rí.) Ẹ ṣe ìsọ̀rí kan fún òde, kí gbogbo ohun tó bá bá a rìn wọ ibẹ̀. Tó bá di oṣù kejìlá, ẹ máa rí iye tí ọdún kan gbà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì mọ òde tó yẹ kí ẹ fi "ẹ kú ìnáwó" àti àdúrà ránṣẹ́ sí.

Ìsọ̀rí ẹbí náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi iye kan sí i níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Tí àbúrò bá pè pé òun fẹ́ ra ìwé, tí ẹ̀gbọ́n pè pé taya fọ́, ibẹ̀ ló ti ń jáde. Ọjọ́ tó bá tán, ẹ lè sọ ọ́ láìjẹ́ irọ́ pé ti oṣù yìí ti tán.

Owó inú áàpù àti ti báńkì kì í dọ́gba. Kí ló fà á?

Ṣáàjì, lọ́pọ̀ ìgbà. Ìlànà CBN ni pé tí ẹ bá fi owó tí kò ju ₦5,000 ránṣẹ́ sí báńkì míì, ₦10 ni. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ títí dé ₦50,000, ₦25. Tó bá tún ju ìyẹn lọ, ₦50. VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tún gun orí ṣáàjì náà. Ìjọba ní ₦50 tirẹ̀ lórí owó tó bá tó ₦10,000. SMS di ₦6 ní 2025. Láti oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, tí ẹ bá lo ATM báńkì míì, ₦100 ni lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan, tó bá sì jẹ́ èyí tó wà níta, bíi ti ilé ìtajà ńlá, wọ́n lè fi kún un. Oní-POS náà ní tirẹ̀, iye tó bá wù ú.

Ẹ má kọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ẹ máa sú. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ fi iye tó wà ní báńkì wé iye tó wà nínú áàpù, kí ẹ tẹ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìsọ̀rí "Ṣáàjì" lẹ́ẹ̀kan. Tí ìyàtọ̀ yẹn bá ti pọ̀ ju bí ṣáàjì ṣe lè pọ̀ lọ, ẹ lọ wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ ohun tí ẹ gbàgbé láti kọ, ó sì lè jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ bi báńkì.

Ṣé àwọn gbájúẹ̀ ò ní gba ibẹ̀ wọlé sí mi lára?

Áàpù tó kàn ń gba àkọsílẹ̀ kò nílò BVN yín, kò nílò nọ́ńbà káàdì, kò nílò PIN. Tó bá béèrè rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. PiggyVest, Cowrywise àti àwọn báńkì ń béèrè BVN torí pé owó yín wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn yàtọ̀. OTP ní tirẹ̀, ẹ má fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni àwọn áàpù ẹ̀yáwó tó ń pe ara wọn ní olùtọ́jú owó. Ẹ máa dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀: wọ́n fẹ́ rí gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù yín. Kí ni ìṣúná fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá ọkọ yín ṣe? Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dójú ti èèyàn nígbà tí gbèsè bá pẹ́, tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde lórí wọn ní 2022. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 tún fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ilé-iṣẹ́ pa ohun tó kọ nípa yín rẹ́.

Lóòótọ́ ṣá, fóònù tó sọnù ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ fi PIN ti áàpù náà, kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí Google Drive.

Èmi àti ọkọ mi fẹ́ jọ lo ọ̀kan.

Goodbudget lórí fóònù méjì. Tí ẹ bá ń san YNAB tẹ́lẹ̀, ẹ lè tó mẹ́fà lórí ẹ̀. Ẹ fún kálukú ní àpòòwé kan tí ẹnì kejì kò ní béèrè àlàyé rẹ̀, ẹ ó gbádùn ara yín.

London ni mo wà. Ṣé ìmọ̀ràn yìí kàn mí?

Ní ti síso mọ́ báńkì, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ sí tiwa. Open Banking, ìyẹn kí báńkì ṣílẹ̀kùn fún áàpù pẹ̀lú àṣẹ yín, ti bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù kìn-ín-ní 2018, ẹ lè so gbogbo àkáǹtì yín mọ́ Emma tàbí Snoop, kí ẹ rí wọn lójú kan. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á bi yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ kí wọ́n máa wò ó. Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ FCA, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ owó níbẹ̀. Tí ẹ bá ń lo Monzo tàbí Starling, àpòòwé ti wà níbẹ̀ láìsan owó: Pots ni Monzo pè é, Spaces ni Starling pè tirẹ̀, owó gidi ló sì ń wọ inú rẹ̀.

Ibi tó ti le ni owó méjì. YNAB kì í da pọ́n-ùn àti náírà pọ̀ nínú ètò kan. Wallet lè gba oríṣiríṣi owó. Fún owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ iye pọ́n-ùn tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí pọ́n-ùn lẹ fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ń kọ́lé sí Ìjẹ̀bú, ẹ ṣí àkáǹtì náírà kan fún ilé yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ máa kọ símẹ́ńtì, yanrìn àti owó bíríkìlà síbẹ̀ bí ẹni tó ń bójú tó o bá ṣe ń fi rìsíìtì ránṣẹ́. Iye tí ẹ fi ránṣẹ́ ní apá kan, iye rìsíìtì ní apá kejì. Àlàyé tó bá kù, ẹ ó mọ ẹni tí ẹ máa bi.

Ìwé àti bíró ti tó mi. Ṣé dandan ni áàpù?

Kì í ṣe dandan. A máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó gbájọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ ìwé, tí kò sì ṣìwó fún ẹnikẹ́ni. Orí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn la fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí a kọ ọ́ sí kò le. Ìwé kì í tán ní bátìrì. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó ro ó pọ̀ fún yín, kó sì sọ iye tó kù kí ẹ tó sanwó. Google Sheets wà láàárín méjèèjì: ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè lò ó láìsí dátà tí ẹ bá ti gbà á sórí fóònù tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa yan ìsọ̀rí fún yín. Fún ẹni tó mọ Excel díẹ̀, mi ò mọ ìdí tó fi máa san owó áàpù.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń jáwọ́. Ṣé áàpù ni kò dáa?

Ìsọ̀rí ti pọ̀ jù ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ dín in kù sí méje. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níwájú ẹni tó ń tajà, bó ṣe ń wá ṣéńjì. Tó bá di alẹ́, ẹ ti gbàgbé ìdajì. Gbé áàpù náà sí ojú àkọ́kọ́ fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ WhatsApp. Tí ẹ bá sì fo ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má gbìyànjú láti rántí. Ẹ ka owó ọwọ́, ẹ wo báńkì, ẹ tẹ iye tó ti lọ sí ìsọ̀rí "mi ò mọ̀", ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín áàpù méjì, ẹ lo kálukú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ẹ ṣì ń ṣí láìsí ẹni tó rán yín létí ni tiyín, kódà tí òun ló burẹ́wà jù.

Tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín bá kógbá sílé ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, sí àwọn ńlá pàápàá. Mint bẹ̀rẹ̀ ní 2007, Intuit rà á ní $170 mílíọ̀nù ní 2009, wọ́n sì tì í pa ní oṣù kẹta 2024. Wọ́n ní kí àwọn tó ń lò ó lọ sí Credit Karma. Ní Gẹ̀ẹ́sì, Money Dashboard ti lọ ṣáájú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023.

Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gba áàpù kan, kí ẹ tó lò ó fún oṣù mẹ́fà, ẹ wá ibi tí ó ti lè kó àkọsílẹ̀ yín jáde bíi CSV (fáìlì lásán tí Excel lè ṣí) tàbí Excel. Money Manager lè kó o jáde sí Excel. Tí ẹ kò bá rí irú ibẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà kí ẹ tó rí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ máa kó o jáde ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí lọ sí òmíràn, ẹ má kó ọdún méjì ìtàn lọ síbẹ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, tàbí ọjọ́ tí ẹ bá parí ìṣirò àpò ìrẹsì kan. Ẹ kọ iye tó wà nínú àkáǹtì kọ̀ọ̀kan àti iye tó wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ kọ gbèsè tí ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ti àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀ nínú fáìlì tí ẹ kó jáde. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ máa nílò rẹ̀, nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí Kérésì tàbí Iléyá tó kọjá gbà.